Ibo ni Ọkọ̀ Náà Yóò Máa Sùn?

Lẹ́tà mẹ́ta ni a yàn nínú àwọn tí ẹ̀yin òǹkàwé wa kọ ránṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná àti ọkọ̀ elépo. Ti àkọ́kọ́ ni a gbé yẹ̀wò jù, nítorí pé ohun tí ó bèèrè gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lókè òkun ń rò lọ́wọ́ báyìí.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Apoògùn ni mí. Bódìjà ni mò ń gbé, Mọ́kọ́lá sì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọkọ̀ tí mò ń lò ti darúgbó. Àbúrò mi ọkùnrin tí ó wà ní Houston sọ pé òun lè bá mi ra ọ̀kan nínú méjì níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní gbàǹjo: Toyota Corolla ọdún 2015 tí ó ń lo epo bẹntiróòlù, tàbí Nissan Leaf ọdún 2015 tí iná nìkan ń gbé rìn. Ó ní Leaf ni ó dínwó jù, àti pé n kò ní í tò sí ilé epo mọ́ láyé. Band A ni àdúgbò wa wà, iná wa kò sì burú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo máa ń wakọ̀ lọ wo ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ kan ṣoṣo sì ni agbára mi ká. Èwo ni kí n ní kí ó rà?
Apoògùn, Bódìjà, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun, mà, tí ẹ bèèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ẹ ti sọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ sì ti sọ iye ọkọ̀ tí agbára yín ká, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ibi tí ọkọ̀ náà yóò máa sùn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọkọ̀ elépo lè sùn sí ẹ̀gbẹ́ títì tàbí sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò lọ jẹun ní ilé epo, ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti yó. Ọkọ̀ oníná kì í rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó bá sùn sí ni ó ti ń jẹun, bí kò bá sì sí iná níbẹ̀ lóru, ebi ni yóò fi jí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣírò owó, nítorí pé òun ni ó ń fa ojú gbogbo ènìyàn sí ọkọ̀ oníná láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni lítà kan fò láti nǹkan bíi ₦190 sí ohun tí ó lé ní ₦480, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Iná náà kò dúró lójú kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tí ń ṣàkóso iná mànàmáná gbé owó yúníìtì kan fún àwọn Band A láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225. Ó rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, tí ó fi wà ní ₦209.50 ní oṣù Keje ọdún kan náà. Nínú ìṣirò tèmi, ₦900 ni mo fi ṣe lítà epo kan, ₦210 ni mo fi ṣe yúníìtì iná kan. Ẹ lè fi iye tí ẹ bá ń san lónìí rọ́pò wọn.

Leaf ọdún 2015 máa ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 19 láti fi rin kìlómítà 100, bí a bá ka èyí tí ó ń ṣòfò nígbà tí ó bá ń gba iná sára mọ́ ọn. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦4,000. Corolla, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ìgboro Ìbàdàn, tí ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́, ó ṣòro kí ó jẹ dín ní lítà 9, ₦8,100 nìyẹn. Bí ẹ bá ń rin kìlómítà 25 lójúmọ́, ní ọjọ́ 25 lóṣù, ohun tí Leaf yóò dá padà sí àpò yín jẹ́ ₦25,000 àti díẹ̀ lóṣù. Owó gidi ni, ṣùgbọ́n Bódìjà sí Mọ́kọ́lá kò jìnnà tó láti sọ ọ́ di ọrọ̀. Onítakisí tí ó ń yí láàárín Ìwó Road àti Challenge láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ ni irú èrè yìí yóò hàn lára rẹ̀ kíákíá.

Gbogbo ìṣirò yìí sì dúró lórí pé iná wà. Wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán, ni wọ́n ṣèlérí fún Band A, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí tiransifọ́mà àdúgbò bá jó, kò sí Band kankan mọ́. Bí ẹ bá wá tan jẹnẹrétọ̀ láti fi bọ́ ọkọ̀, ẹ ti padà sí ibi tí ẹ ti ń sá bọ̀. Lítà epo kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà mú ju yúníìtì méjì jáde, nítorí náà lítà mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni yóò jóná kí ọkọ̀ yín tó ní yúníìtì 19 tí yóò fi rin kìlómítà 100. Iye tí Corolla ìbá mu ní tààrà náà nìyẹn, ẹ kàn mú un gba inú ariwo àti èéfín kọjá ni. Àwọn kan á ní kí ẹ gbé páńẹ́lì oòrùn sórí òrùlé. Kò burú, yúníìtì márùn-ún lóòjọ́ tó fún ìrìnàjò yín nínú ìlú. Àmọ́ nígbà tí oòrùn bá ń ràn, Mọ́kọ́lá ni ọkọ̀ yín wà, nítorí náà òrùlé ṣọ́ọ̀bù ni ẹ óò gbé e sí, kì í ṣe ti ilé.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni bátìrì. Ẹni tí ó bá ń ra tòkunbọ̀ elépo máa ń bèèrè iye máìlì tí ó ti rìn, yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Lórí Leaf, gbogbo ìyẹn kò sọ nǹkan púpọ̀. Kí àbúrò yín ní kí wọ́n tan ọkọ̀ náà, kí wọ́n ya fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìlà ńlá tí ń sọ iye iná tí ó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, yóò rí àwọn ìlà kéékèèké tí ó tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Méjìlá ni wọ́n nígbà tí ọkọ̀ wà ní tuntun. Àwọn kéékèèké wọ̀nyí kì í pọ̀ sí i bí a bá ṣáàjì ọkọ̀, nítorí pé okun tí ó kù lára bátìrì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Èyí tí ó bá ti pa nínú wọn, ó di kí a tó pààrọ̀ bátìrì. Bí ó bá ní ọ̀rẹ́ tí ó lè dé ibi tí ọkọ̀ wà, áàpù kan wà tí ń jẹ́ LeafSpy, tí ó ń bá ẹ̀rọ kékeré kan tí a fi há abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, yóò sì fi ojúlówó iye náà hàn lójú fóònù.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Leaf ọdún 2015 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kìlómítà 135 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ sí i lára pé ó lè rìn kí iná rẹ̀ tó tán. Bí ìlà mẹ́ta bá ti pa, tí ó ku mẹ́sàn-án, okun rẹ̀ ti bọ́ sí nǹkan bí ìdá 70 nínú 100, kìlómítà 95 sì ni 135 náà di. Láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́ tó kìlómítà 100. Ẹ ó ti máa rí ìlú lókèèrè nígbà tí ọkọ̀ yóò kọ̀ láti lọ, kò sì sí ẹni tí yóò gbé jálá iná wá bá yín lójú títì.

Ooru ni ọ̀tá irú bátìrì yìí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná ní omi tí ń ṣàn yí bátìrì wọn ká, bí redíétọ̀ ṣe ń tu ẹ́ńjìnnì nínú. Leaf kò ní in, afẹ́fẹ́ lásán ni ó gbójú lé. Ní ọdún 2012, àwọn tí wọ́n ra Leaf ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona tí oòrùn rẹ̀ mú ganrínganrín, figbe bọnu pé ìlà ti ń pa lára ọkọ̀ tí kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nissan tún bátìrì náà ṣe, ti ọdún 2015 sì fara da ooru ju àwọn ti ìṣáájú lọ. Síbẹ̀, Houston kì í ṣe ìlú tútù. Bí àbúrò yín yóò bá ra Leaf rárá, kí ó wò ìhà Seattle, níbi tí ojú ọjọ́ ti tutù, bí owó àtigbé e dé èbúté tilẹ̀ lé díẹ̀.

Nípa àtúnṣe, ẹnu ìlú kò ṣòótọ́ tán. Wọ́n ní ọkọ̀ oníná kì í bàjẹ́. Lóòótọ́, kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì láti pààrọ̀, kò sí pílọ́ọ̀gì, kò sí sàlẹ́ǹsà tí yóò jò, bíréèkì rẹ̀ sì ń pẹ́, nítorí pé bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù nígbà tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀ láti Mápó, mọ́tò fúnra rẹ̀ ni yóò fà yín sẹ́yìn, tí yóò sì dá iná díẹ̀ padà sínú bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ ńkọ́? Mo wà ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní Ìwó Road lọ́jọ́ kan nígbà tí wọ́n ti Leaf kan wọlé. Ẹni tí ó ni ín ní òun tẹ bọ́tìnnì, kò dáhùn, bátìrì ti kú pátápátá. Kí á tó mọ̀, rewáyà ti wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ti di wáyà aláwọ̀ ọsàn kan mú, ó fẹ́ fi páláyà tú u. Mo kígbe mọ́ ọn. Iná tí ó lé ní fólítì 300 ni ó ń gba inú wáyà aláwọ̀ ọsàn, ó ju ti ara ògiri ilé wa lọ, ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án nígbà tí ó wà láàyè lè má tún fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ohun tí ó ṣe ọkọ̀ náà kò ju pé bátìrì kékeré onífólítì 12, irú èyí tí ó wà nínú gbogbo ọkọ̀, ti sùn. A fa wáyà sí i láti ara Camry kan tí ó wà nítòsí, iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, ọkọ̀ jáde. Corolla kò ní irú wàhálà yìí. Kò sí àdúgbò tí ẹ kò ti ní í rí ẹni tí ó mọ inú rẹ̀, ẹ ó sì rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní Gate.

Nǹkan méjì péré ni ó kù nípa Leaf, bí ọkàn yín bá ṣì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, okùn ìṣáàjì tí ń bá a wá láti Amẹ́ríkà, fólítì 120 ni wọ́n sábà ń kọ sí i lára, iná tiwa sì jẹ́ 230. Ẹ kà á kí ẹ tó kì í bọ ògiri, kí ẹ sì ra èyí tí wọ́n ṣe fún 230. Ìkejì, wákàtí mẹ́wàá gbáko ni ọkọ̀ yóò fi máa fa iná láti ojú súkẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn sì yàtọ̀ sí kẹ́tùlù tí ń hó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nílé ẹnìkan ní Àkóbọ̀, mo rí ẹkitẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe é: ike rẹ̀ ti pọ́n bí àkàrà, ihò kan ti yọ́ pa. Kí oníṣẹ́ iná fa wáyà nínípọn tí ó dá dúró láti ojú mítà wá, kí ó sì rì wáyà ilẹ̀ sí i dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ okùn ìṣáàjì ni kì í gbà láti ṣiṣẹ́ nínú ilé tí kò bá ní wáyà ilẹ̀. Pupa ni iná ara rẹ̀ yóò máa ṣẹ́, àwọn ènìyàn á sì rò pé ọkọ̀ ni ó bàjẹ́.

Nítorí náà, mà, Corolla ni kí ó rà. Kì í ṣe pé mo kórìíra ọkọ̀ oníná. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ mìíràn nílé tí yóò máa gbé yín lọ sọ́dọ̀ ìyá, Leaf tí ìlà mọ́kànlá bá ṣì wà lára rẹ̀ ni ǹ bá mú fún Bódìjà sí Mọ́kọ́lá láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ sọ. Leaf ọdún 2018 tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ yúníìtì 40 lè dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó lé ní kìlómítà 240 nígbà tí ó wà ní tuntun, ṣùgbọ́n yóò nílò láti sùn sílé ìyá yín kí ó tó padà, ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yóò sì tún dìde níbẹ̀: báwo ni iná ti Ògbómọ̀ṣọ́? Bí owó epo bá ń dùn yín, gáàsì CNG tí ìjọba àpapọ̀ ń polongo láti ọdún 2023 ṣeé fi sára Corolla, kìkì pé sílíńdà rẹ̀ yóò gba ààyè nínú búùtù, ẹ ó sì kọ́kọ́ wádìí bóyá ibi tí wọ́n ti ń ta á wà lójú ọ̀nà yín.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní London, iṣẹ́ alẹ́ ni mo máa ń ṣe. Fúláàtì orí òkè kẹta ni mò ń gbé ní Peckham, ojú títì ni mo máa ń gbé ọkọ̀ sí. Elépo ọdún 2008 ni. Àwọn ọmọ mi kò jẹ́ kí n sinmi, wọ́n ní kí n tà á kí n ra oníná kí ULEZ, òfin tí ń bu owó lé ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ní London, má baà pa mí lówó. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?
Nọ́ọ̀sì, Peckham.

ÌDÁHÙN

Àwọn ọmọ yín fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n wọ́n kò tíì ka òfin náà tán. Lóòótọ́, láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni ULEZ ti gba gbogbo London, £12.50 lóòjọ́ sì ni fún ọkọ̀ tí kò bá kúnjú òṣùwọ̀n. Àmọ́ òṣùwọ̀n ti elépo bẹntiróòlù kò le: ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe láti ọdún 2006 síwájú ni ó kúnjú rẹ̀. Ẹ tẹ nọ́ḿbà ọkọ̀ yín sí ojú òpó Transport for London, ẹ ó rí èsì lójú ẹsẹ̀. Oníẹ́ńjìnnì dísù ni ọ̀rọ̀ náà ká mọ́ jù.

Ibi tí ọkọ̀ yín ń sùn ni ó kù. Aládùúgbò tí ó ní ọgbà tirẹ̀ lè so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri lóru, kí ó san pẹ́ńsì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lórí yúníìtì kan, owó orí VAT ìdá márùn-ún péré sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé orí òkè kẹta, iná ìta ni ẹ óò máa rà, VAT rẹ̀ jẹ́ ìdá ogún, àwọn ẹ̀rọ ìṣáàjì tí ó yára sì lè gba pẹ́ńsì 75 lórí yúníìtì kan. Fún kìlómítà 100, ti aládùúgbò yín yóò jẹ́ nǹkan bíi £1.50, tiyín yóò sì súnmọ́ £13, nígbà tí epo fún ìrìn kan náà ń jẹ́ nǹkan bíi £10. Ọkọ̀ kan náà ni o! Àwọn òpó iná títì tí wọ́n ti fi ojú ìṣáàjì sí lára wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò London, wọ́n sì dínwó ju àwọn ẹ̀rọ tí ó yára náà lọ. Bí ẹ bá rí èyí tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà yín, tí kì í ṣe pé ẹlòmíràn ti gbé ọkọ̀ síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, ẹ lè tún un rò. Ẹ sì fi kún un pé láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, ọkọ̀ oníná náà ti ń san owó orí ojú pópó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ máa lo ti 2008 yín lọ ná.

ÌBÉÈRÈ

Ní Lẹ́kí ni mò ń gbé, ẹ sì mọ bí omi ṣe máa ń kún àdúgbò wa bí òjò bá rọ̀. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ oníná, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní iná yóò gbé wa nínú omi.
Onílé kan, Lẹ́kí.

ÌDÁHÙN

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Iná kì í sábà gbé ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ oníná tí ó la omi òjò kọjá, nítorí pé wọ́n dì àpótí bátìrì náà pinpin, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ a sì máa pa iná rẹ̀ bí ó bá fura sí ewu. Ìwakọ̀ lásán kọ́ ni ohun tí ó yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà wá, bí kò ṣe omi iyọ̀ tí ó bá rọgbọ̀kú sínú ọkọ̀. Nígbà tí ìjì Ian kọlu Florida ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn ọkọ̀ oníná kan tí omi òkun bò gbiná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí omi ti fà tán, tí olúkúlùkù sì ti rò pé ó parí. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń tà lówó pọ́ọ́kú ní gbàǹjo, èyí sì ni ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ nọ́ḿbà VIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, wò kí ẹ tó sanwó, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi ti wọ̀ ọ́ rí, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí ti yín náà bá sùn mọ́jú nínú omi ọ̀sà, ẹ má ṣe tan án, ẹ má ṣe ṣáàjì rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ọkọ̀ agbọ́kọ̀ gbé e lọ sí gbangba, kí ó jìnnà tó mítà 15 sí ilé àti sí ọkọ̀ mìíràn, kí ó sì wà níbẹ̀ títí ẹni tí ó mọ̀ nípa bátìrì rẹ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.